Ìwé Owó Ẹgbẹ́: Ṣé Inú Àpótí Ni Yóò Wà, Àbí Inú Àwọsánmà?

Àgbàrá kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ní Kúdẹtì n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán, ohun tójú rí ni. Odò kékeré tó fún àdúgbò náà lórúkọ ń ṣàn lọ bá Ògùnpa, Ògùnpa ọ̀hún kì í sì í ṣe àjèjì sí ọmọ Ìbàdàn kankan. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò náà bínú, ó wọlé tọ onílé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Nígbà tó tún di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò rọ̀ bí ẹni pé sánmà lu, omi ya káàkiri ìgboro, afárá já, àgbàrá wọ inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tó kú sì lé ní 100.

Bí omi bá lọ tán, wọn a sin òkú, wọn a ka ẹrù. Wọn a ka bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, máṣíìnì ìránṣọ, àpò gàrí àti báálì aṣọ. Ohun kan ni kì í sábà sí nínú irú ìkà bẹ́ẹ̀: ìwé. Ta ni yóò máa sunkún ìwé nígbà tí ògiri ti wó? Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ni ojú tó ń là. Akọ̀wé á gbé ìwé owó jáde, ojú ìwé á ti lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹ̀kọ tó sùn, yíǹkì á ti ṣàn di omi aró. Ìyá tó ti ń dá owó láti ọdún mẹ́ta á ní kí wọ́n ka tòun fóun. Kí ni wọn yóò kà? Ẹni tó jẹ gbèsè á ní òun ti san. Onídùúró rẹ̀ á ní òun ò rántí pé òun tọwọ́ bọ ìwé. Ẹgbẹ́ tí omi kò gbé, àríyànjiyàn lè gbé e.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní kíláòdù kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn báǹkì ńláńlá nìkan. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìjọ, ilé ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn kékeré, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń kan lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Àwọn kan ní kó máa lọ. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn gbọ́n ju àwọn tó tì í lọ.

Kí ni kíláòdù gan-an? Àwọsánmà ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ṣùgbọ́n irọ́ ni, kò sí ohunkóhun lókè. Orí ilẹ̀ ló wà, nínú ilé ńlá tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí láti ìsàlẹ̀ dé òkè àjà, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i tọ̀sán tòru, tí iná kì í kú níbẹ̀ nítorí jẹnẹrétọ̀ wà lórí jẹnẹrétọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Lẹ́kí l'Ékòó, ó wà ní Johannesburg àti Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, ó wà ní ìlú òyìnbó lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tó ni ilé náà ló ni ẹ̀rọ. Ẹ̀yin kàn ń sanwó ìlò ni.

Ẹ wo ẹ̀rọ ata. Ìyá olóúnjẹ tó ń se ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́wàá lójúmọ́ lè ra ẹ̀rọ ìlọta tirẹ̀, kó wá ibi tí yóò gbé e sí, kó máa ra epo sí i, kó máa pe ẹni tí yóò tún un ṣe. Ìyàwó ilé tó fẹ́ lọ ata abọ́ kan kò ní í ra ẹ̀rọ. Á gbé ata rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alọta, á sanwó abọ́ kan, á gbé e bọ̀ wálé. Kíláòdù nìyẹn. Dípò kí ẹgbẹ́ kan ra kọ̀ǹpútà ńlá tirẹ̀, kó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú, kó sì máa du iná fún un, á gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, á sì sanwó ìwọ̀nba tó lò.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n ló ti ń lò ó. Ẹni tí wọ́n jí fóònù rẹ̀ ní Ọjà'ba, tó ra òmíràn, tí àwọn orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ sì tún padà wọlé lẹ́yìn tó tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i, ibo ló rò pé wọ́n ti wá?

Ìbàdàn kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ká sọ tòótọ́. Ní 1963 ni ilé-iṣẹ́ IBM dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tòun ti kọ̀ǹpútà. Láyé ìgbà náà, kọ̀ǹpútà kan ń gba yàrá kan, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó ẹlẹ́gbẹ́jọdá. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ, kò ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lónìí, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè yá a lò. Ohun tó yí padà nìyẹn, ohun náà ló sì kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sínú ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jókòó sínú ìpàdé ẹgbẹ́ kan ná. Ẹ ka ọmọ ẹgbẹ́ sí ọgọ́ta, ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́. Akọ̀wé kékeré, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Pólì, á dìde, á ní òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbé ìwé owó sórí kíláòdù. Ariwo á sọ.

Ìyá kan á ní, "Ọmọ mi, lọ́wọ́ ta lo fẹ́ gbé owó wa lé?"

Akọ̀wé á ní, "Ẹ̀yin Mà, kì í ṣe owó, ìwé rẹ̀ ni."

Màmá á ní, "Ìwé owó kọ́ ni owó? Ẹni tó bá ní ìwé mi lọ́wọ́, ó ti mọ iye tó wà lápò mi."

Ẹ má fi màmá ṣẹ̀sín o. Ọ̀rọ̀ tó sọ yìí ni àwọn ọ̀gá báǹkì náà ń rò kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé. Gbogbo ayé ni ìfọkàntán ti ń ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Alájọ tí màmá ń dáwó fún láràárọ̀, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ìyá tó bí i, ó mọ ìjọ tàbí mọ́sálásí tó ń lọ. Alájọ bẹ́ẹ̀ náà sì ń sá lọ nígbà mìíràn! Kí ni yóò wá jẹ́ ti oníkíláòdù tí ẹnikẹ́ni ò rí sójú rí, tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, kò sí ibi tí wọn yóò ti gba ilé rẹ̀ lọ?

Òfin ló yẹ kó dúró sí ibi tí ojú mímọ̀ kò sí. Ní 2019, àjọ NITDA ti ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí kíláòdù, kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba lè máa lò ó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Òfin náà sọ pé ẹni tó bá gba orúkọ, nọ́ńbà, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ owó yín kò gbọdọ̀ lò ó fún ohun tí ẹ ò rán an, bó bá sì fẹ́ gbé e lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ààbò tó tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá rú u. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé òfin yìí ò yọ ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹgbẹ́ bá gbé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹrù ìṣọ́ náà kò kúrò lọ́rùn ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún sọ ohun tí kì í jáde nínú ìpàdé. Kì í ṣe gbogbo alága tó ń kọ kíláòdù ni ẹ̀rù ń bà nítorí àwọn olè orí ẹ̀rọ. Ìwé tó wà nínú àpótí akápò, akápò nìkan ló ń rí i. Ìwé tó bá ti bọ́ sórí ẹ̀rọ, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè fi fóònù wo iye tó dá àti iye tí wọ́n yá jáde, ojú ọgọ́ta ènìyàn ló wà lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì pa òǹkà kan rẹ́, àwọn ẹ̀rọ mìíràn máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni báyìí ló pa á, ní aago báyìí. Àwọn akápò kan ò fẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn ìfọkàntán, owó. Ibí gan-an ló ti ń ta àwọn tó ti wọ inú rẹ̀ lára. Àwọn oníkíláòdù ńláńlá àgbáyé, dọ́là ni wọ́n fi ń díye ọjà wọn. Ẹ ká a sí pé ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ wa yá ń gba dọ́là 20 lóṣù. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi náírà 470 ni dọ́là kan ní iye ìjọba, owó oṣù náà jẹ́ náírà 9,400. Ìjọba yọwọ́ lọ́rùn náírà nínú oṣù kẹfà náà, nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500. Dọ́là 20 kan náà di náírà 30,000. Ẹ̀rọ ò yí padà, iṣẹ́ ò pọ̀ sí i, ẹ̀rọ ata kan náà ló ń lọ ata abọ́ kan náà. Bí ọgọ́ta ènìyàn bá pín in, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san láìtó náírà 160 di 500. Ẹgbẹ́ ọlọ́gọ́ta lè gbé 500. Iléeṣẹ́ tí tirẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lóṣù ńkọ́? Ìdí nìyí tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníkíláòdù tí ilé ẹ̀rọ rẹ̀ wà l'Ékòó, tó ń gba náírà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àpótí ò ná wa lówó. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kó gbé e sí sẹkitéríàtì rẹ̀, á ra ẹ̀rọ, á ra bátìrì, á ra jẹnẹrétọ̀. Lítà epo bẹntiróòlù tó wà lábẹ́ náírà 200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò lóṣù karùn-ún 2023 kọjá náírà 1,000 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Iná mànàmáná pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni gbogbo wáyà orílẹ̀-èdè dákẹ́ lọ́dún 2024. Ẹni tó ní kíláòdù lówó lórí ní láti ka owó epo rẹ̀ mọ́ ti àpótí kó tó sọ èyí tó wọ́n.

Dátà náà wà níbẹ̀. Lóṣù kìíní 2025, àjọ NCC fún àwọn oníléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ẹgbẹ́ tó gbé ìwé rẹ̀ lọ sórí kíláòdù, ojú ọ̀nà dátà ni yóò máa gbà dé ibẹ̀, kò sí bó ṣe máa yẹ owó bodè ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí gan-an ló kó Kúdẹtì wọ inú ìtàn. Àwọn àgbà àdúgbò mọ orúkọ David Hinderer àti Anna aya rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni David, ìjọ CMS ló rán an, ó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851, òun àti Anna sì wá jókòó ní 1853. Kúdẹtì ni wọ́n kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí, ibẹ̀ ni ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀, inú ilé wọn sì ni Daniel Olúbí ti dàgbà di àlùfáà.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe di mímọ̀ títí dòní? Anna máa ń kọ lẹ́tà. Ó ń kọ ohun tó rí, ó ń kọ bí òjò ṣe rọ̀, ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tó gbà tọ́, ó ń fi ránṣẹ́ sílé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní 1870, wọ́n kó lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ di ìwé títẹ̀ ní 1872. Bó bá jẹ́ pé inú àpótí ní Kúdẹtì ni gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ wà, ikán, òjò àti iná orí koríko ìbora ì bá ti pín in jẹ. Nítorí pé ẹ̀dà kan wà lókèèrè ló fi kù. Ìwé àwọn CMS wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí, apá kan wà níbí ní ilé àkójọ ìwé ìjọba nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Àǹfààní ìfìwépamọ́ sókèèrè nìyẹn. Ẹ wo ìyà rẹ̀ náà. Ọmọ Kúdẹtì tó bá fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ nípa bàbá ńlá rẹ̀, tó sì jẹ́ pé èyí tó wà ní Birmingham ló ń wá, àfi kó rí físà tàbí kó bẹ ẹni tó wà níbẹ̀. Ìwé wà, kò sọnù, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, àwọn ọ̀nà tó lọ sí Abẹ́òkúta àti Èkó dí. Ohun gbogbo tí àwọn Hinderer ń lò, owó wọn, aṣọ wọn, òògùn wọn, Èkó ni wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ẹrù wà l'Ékòó, owó wà l'Ékòó, wọ́n sì ń jìyà ní Kúdẹtì! Ebi pa wọ́n, wọ́n ta lára ẹrù ilé wọn jẹun. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ló fi rí bẹ́ẹ̀, títí Glover tó ń ṣàkóso Èkó fi rán ọ̀gágun kan wá ní 1865, tí wọ́n gbé Anna gba inú igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ.

Ẹni tó bá rò pé irú rẹ̀ ti parí, kó rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, ní Ivory Coast. Wáyà wọ̀nyí ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù. Báǹkì dákẹ́, àwọn áàpù ò ṣí, àwọn oníbàárà dúró lẹ́nu káńtà tí wọ́n ń wo ara wọn. Kì í ṣe pé owó wọn sọnù. Owó wà. Ọ̀nà ni ò sí. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni wọ́n fi tún àwọn wáyà náà ṣe.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ti sanwó fún ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, tí wáyà wọn kan gba ibòmíràn kọjá, kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde. Àwọn tó fi gbogbo ara lé ọ̀nà kan dùbúlẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, gbogbo ìyá ọlọ́jà ló mọ̀ ọ́n, ó kàn dà bí ẹni pé àwọn ọlọ́gbọ́n kọ̀ǹpútà kan gbàgbé.

Ilé ẹ̀rọ náà sì ń jóná. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2021, iná sọ ní ilé kíláòdù OVH ní Strasbourg, ilẹ̀ Faransé. Ilé alájà púpọ̀ kan jó tán pátá. Àwọn oníbàárà tó ní ẹ̀dà níbòmíràn dìde lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ tó rò pé "mo ti gbé e lọ sí kíláòdù, ó tán" ló pàdánù ohun gbogbo. Èyí tó tún ga jù wáyé ní Gúúsù Kòríà, ilẹ̀ àwọn tó ń ṣe fóònù fún ayé lò. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2025, iná jó ilé ẹ̀rọ ìjọba ní ìlú Daejeon, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ìwé iṣẹ́ wọn sí. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ó lọ pátápátá, bí ìwé tí Ògùnpa gbé.

Síbẹ̀, ohun tó ń pa ẹgbẹ́ kéékèèké lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà jẹ́ iná tàbí wáyà abẹ́ òkun. Ọmọ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ni. Ẹ padà sí ìpàdé wa. Akọ̀wé kékeré ló ṣí i, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló fi forúkọ sílẹ̀, òun nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù. Ó di ọdún kejì, ó rí físà Kánádà, ó já pá. Ó ki gbogbo ènìyàn, ó dọ̀bálẹ̀ fún alága, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sápò. Láììkú, a ń bú ọmọ tí kò rò ó níkà. Láìpẹ́, láìnà owó sórí fóònù tó fi sílẹ̀, iléeṣẹ́ fóònù á gba nọ́ńbà náà, á tà á fún ẹlòmíràn. Bí àpótí orí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Google, bí ọdún méjì bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò ṣí i, Google lè pa á rẹ́ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìlànà wọn nìyẹn láti òpin 2023. Kò sí àgbàrá, kò sí iná, ìwé ti lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbé e dáadáa kì í fi ọwọ́ kan mú kọ́kọ́rọ́. Akọ̀wé mú un, akápò mú un, ọmọ ẹgbẹ́ kẹta tí kì í ṣe ìbátan wọn mú un. Nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, ti ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Wọn kì í sì í sọ ìwé sísọ́wọ́ nù. Ìwé owó alákọsílẹ̀ ṣì ń bẹ lórí tábìlì, tí ọmọ ẹgbẹ́ ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé, kí wọ́n tó dìde, wọ́n a ya fọ́tò ojú ìwé ọjọ́ náà, wọ́n a fi ránṣẹ́ sókè.

Ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó rọrùn jù nìyẹn fún ẹgbẹ́ tí kò tíì ní dọ́là 20 láti san. Àyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fún oníbàárà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ gígábáìtì 15. Bí fọ́tò kan bá gba mẹ́gábáìtì mẹ́ta, ojú ìwé bíi 5,000 ni yóò gbà. Ẹgbẹ́ wo ní Kúdẹtì ló ti kọ ojú ìwé 5,000 láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀? Ẹ̀dà kejì lè wà nínú fáláàṣì kékeré tó ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù fóònù, kí akápò gbé e lọ sílé rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ga sí omi.

Iléeṣẹ́ ńlá ní ìbéèrè tó pọ̀ ju èyí lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní láti béèrè pé ilẹ̀ wo ni ilé ẹ̀rọ náà wà, ta ló lè wo inú rẹ̀, wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń dìde bí wọ́n bá ṣubú, àti pé bí àwọn bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ oníkíláòdù lọ́jọ́ iwájú, ṣé yóò jẹ́ kí àwọn kó ẹrù àwọn jáde láìgba owó gegele. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, ó sì dun ni bíi ti ayálégbé tí lándílọ́ọ̀dù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù rẹ̀.

Màmá tó dìde nínú ìpàdé ṣì wà lórí ìdúró. Wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀rọ ata fún un, ó ní òun gbọ́. Wọ́n ti ṣàlàyé omi 2011, ó ní kò sẹ́ni tó máa ròyìn ìyẹn fóun, òun wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó kù lẹ́nu rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: "Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ńkọ́? Àwọn mẹ́ta wo ló máa mú un?"

Ẹgbẹ́ tó bá ti dáhùn ìbéèrè yìí, ní Kúdẹtì tàbí ní Bẹẹrẹ, ní Mápó tàbí ní Ọjà'ba, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe pín kọ́kọ́rọ́ tiwọn ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà. Ẹni tí omi tàbí akọ̀wé ti gbé ìwé rẹ̀ lọ náà lè kọ̀wé. Kò pọn dandan kí ó dárúkọ ẹnikẹ́ni.